Orin Rọ́ọ̀kì Àtijọ́ Tí Ó Di Tuntun: Ohun Tí Ó Kan Ìjerò, Àrámọ̀kọ́ àti Ẹ̀fọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn wò. Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ fi ojú àgbà wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún ni àwọn olólùfẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì ti ń yọ̀ pé àwọn rí orin rọ́ọ̀kì kan tí àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí a bá yí àwo náà padà, orúkọ tí a ó bá lẹ́yìn rẹ̀ ni Láolú, Gbéńga, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọdún tí a gbà á sílẹ̀ ni 1973 tàbí 1976. Ìlú tí a ti gbà á sílẹ̀ ni Èkó. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní etí àlejò yìí, àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà wa wà láyé nígbà tí a ń kọ ọ́. Báwo ni orin ṣe ń sọnù ní ilé kí ó tó di àwárí lẹ́yìn odi? Kí ni irú orin bẹ́ẹ̀ ń rán wa létí? Kí sì ni ó kan àwa tí a wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì nínú rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a ó gbìyànjú láti dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ó dàgbà sáàárín òkè, tí ó sì mọ̀ pé àpáta ni òyìnbó ń pè ní rọ́ọ̀kì, lè rò pé orin àpáta ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ní ìtumọ̀ mìíràn, èyí tí í ṣe kí nǹkan máa mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi tàbí bí ìyá tí ń fi ọmọ jó. Mímì yìí ni wọ́n fi sọ orin náà lórúkọ. Ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́kọ́ jáde, nínú orin ìbànújẹ́ àti orin ìjó wọn, kí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó gbà á. Nítorí náà, nígbà tí ó dé Èkó, a lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni ó padà wá bá ẹ̀jẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni gìtá oníná, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ìlù òyìnbó tí ẹnì kan ṣoṣo ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù, àti dùùrù oníná nígbà mìíràn.

Gìtá kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta okùn jùjú ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iná mànàmáná wọ inú gìtá jùjú. Nígbà tí ó di ọdún 1957, I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Agbègbè Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà ni Orlando Julius Ekemode ti jáde wá. Òun ni ó ṣe àwo Super Afro Soul ní ọdún 1966, nínú èyí tí ó ti da orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ háílàìfù àti ìlù ilé. Ó kú ní ọdún 2022. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó ti Iléṣà gba Ìtawúrẹ́ àti Àrámọ̀kọ́ lọ sí Adó-Èkìtì yóò rí i pé itòsí wa gan-an ni díẹ̀ nínú àwọn tí ó la ọ̀nà fún gìtá ti jáde. Àlà tí ó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àlà ìṣàkóso ni. Orin kì í dúró gba ìwé àṣẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé dé, láti ọdún 1967 títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ebi ayọ̀ ń pa àwọn ọ̀dọ́ gidigidi. Owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní ọdún 1970 kan náà ni James Brown wá ṣeré ní Nàìjíríà. Ní ìhà ìlà-oòrùn, àwọn ẹgbẹ́ bí The Funkees ti Abá gbé gìtá wọn jáde láti inú eérú ogun. Ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń fara wé orin òyìnbó láti ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé kí ni tiwa nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1971, Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wọ Èkó. Ó bá àwọn olórin ibẹ̀ ṣeré, ó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Ìkẹjà ní ọdún 1973. Ní ọdún náà ni Paul McCartney wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwo Band on the Run sílẹ̀ ní Àpápá, ní ilé-iṣẹ́ EMI. Àwọn ìwé ìtàn òyìnbó fẹ́ràn láti máa sọ ti àlejò méjì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra: àlejò kì í wá sí ilé tí kò sí iná. Kí Ginger Baker tó dé, Berkley Jones, Láolú Akins, Mike Gbéńga Odùmósù àti Joni Haastrup ti ń ṣeré pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Clusters. Ọwọ́ wọn ti já fáfá. Ohun tí àlejò ṣe ni pé ó gbé wọn dé ibi tí ayé ti lè gbọ́ wọn.

Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ méjì ńlá ti yọ. Àkọ́kọ́ ni BLO. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Berkley, Láolú àti Odùmósù ni wọ́n kó jọ. Àwo wọn Chapter One jáde ní ọdún 1973. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n, síbẹ̀ gìtá Berkley Jones a máa ké bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀, ìlù Láolú a sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀ láìkánjú. Èkejì ni Monomono, tí Joni Haastrup ń darí. Àwo wọn Give the Beggar a Chance jáde ní ọdún 1973 kan náà, Dawn of Awareness sì tẹ̀lé e ní ọdún 1974. Ẹ kíyè sí orúkọ àwo àkọ́kọ́ yẹn. Ní àsìkò tí owó epo ń yí orí ènìyàn, àánú alágbe ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi ṣe àkọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ti ẹgbẹ́ kẹta yìí ni ó kàn yín jù. Ofege ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's ní Èkó ni gbogbo àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí Odion Iruoje, ẹni tí ń bójú tó ìgbohùnsílẹ̀ ní EMI, mú wọn wọ iyàrá, tí wọ́n sì ṣe àwo Try and Love ní ọdún 1973. Àwo náà tà gan-an. Ohùn wọn kò tíì gbó, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn sì jẹ́ ti ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí ó lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpòǹgbẹ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í dúró títí di ìgbà tí irun bá funfun.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, tí wọ́n bí ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1948, ṣe àwo mẹ́rin tí ó tẹ̀lé ara wọn: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978 àti Horizon Unlimited ní 1979. Iṣẹ́ obìnrin nínú orin nígbà náà kò ju kí ó gbe ègbè fún ọkùnrin lọ. Àwọn méjì yìí kọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn, wọ́n sì ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin lórí gìtá oníná.

Níbí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa gan-an. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin? Àwọn kan yóò ní ẹ̀mí ẹrú ni. Ìdáhùn náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ̀ sì ni a ń wọ̀ lọ sí Adó. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ìyàwó lè máa ké sí ọkọ́ dípò ọkọ. Ìṣòro yìí ni àwọn ìjọ bá pàdé nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ohùn orin lọ sí ọ̀tún, ìtumọ̀ lọ sí òsì. Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ojútùú kan sí i. Nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí ó sì gbé dé Ẹ̀fọ̀n, orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, tí a fi àtẹ́wọ́ gbè, ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Aládùúrà. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú níbẹ̀, tí ohùn orin ń tẹ̀lé e. Olórin rọ́ọ̀kì tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kan náà.

Àwọn kan kọ́ ọ. Lórí àwo Monomono ti ọdún 1973, a rí orin méjì tí àkọlé wọn jẹ́ Yorùbá, a sì ń tẹ̀ wọ́n báyìí láìsí àmì: Ema Kowa Lasa Ile Wa àti Eje'a Mura Sise. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ àkọlé àkọ́kọ́ yìí sára pátákó, kí ẹ sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí i. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tí ó túmọ̀ sí, àfi bí wọ́n bá gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí àmì ohùn tí ó dára jù èyí lọ kò wọ́pọ̀.

Ohun kejì tí a lè fi Èkìtì ṣàlàyé ni pípín ohùn. Nínú ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo ègbè máa ń gbé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ègbè a máa pín sí méjì. Bí ẹnì kan bá mú mì, èkejì a mú dò. Bí ti àkọ́kọ́ bá lọ sí fà, ti èkejì a lọ sí rè. Àwọn onímọ̀ orin ti kọ nípa èyí tipẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a rí níbẹ̀ ni pé ohùn méjèèjì ń gòkè pọ̀, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ Ìjerò tí ó ti gbọ́ àpíìrì rí, pẹ̀lú agbè tí ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀, bá gbọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu tí wọ́n ń pín ohùn, kì í ṣe àjèjì ni yóò máa gbọ́. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí Èkìtì ti múra sílẹ̀ fún irú orin bẹ́ẹ̀ kí gìtá oníná tó dé. Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí ti Èmùrẹ́-Èkìtì ṣáà ti fi hàn pé ẹ̀ka èdè wa gba orí àwo, pẹ̀lú ulé tí a ń pe ilé àti uṣu tí a ń pe iṣu.

Bí orin yìí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló pa á? Ìdí àkọ́kọ́ ni owó. Sunny Adé àti Ebenezer Obey ń ṣeré ní òde ìnáwó. Ẹni tí ń ṣe ìsìnkú tàbí ìkómọ ni ó ń pè wọ́n, wọ́n ń kì í, ó sì ń ná wọn lówó. Gìtá rọ́ọ̀kì kò mọ oríkì olówó, kò sì sí ẹni tí í gbé e lọ sí ibi òkú ìyá rẹ̀. Ìdí kejì ni irinṣẹ́: gìtá àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, ọ̀dọ́ wo ni yóò rà wọ́n? Ìdí kẹta ni pé dísíkò ti gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kí ọdún 1980 tó dé, kásẹ́ẹ̀tì sì wá lé àwo kúrò lọ́jà.

Ìdí kẹrin ni ó ṣe kókó jù: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò ni iṣẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ ńlá bí EMI àti Decca ni ó ni téèpù. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró ti rí ewu yìí, wọ́n sì dá STAR Records sílẹ̀ ní ọdún 1969 kí olórin lè dá dúró. Àwọn ọ̀dọ́ onírọ́ọ̀kì kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà yí ojú sí orin mìíràn, kò sí ẹni tí ó ku láti tún àwo wọn tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà nínú eruku títí di ọdún 2001, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó díẹ̀ nínú orin àsìkò náà jọ sínú Nigeria 70. Ní ọdún 2008, Soundway gbé Nigeria Rock Special jáde. Ní ọdún 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, kọ ìtàn ìdìde àti ìṣubú rọ́ọ̀kì wa mọ́ àkójọ Wake Up You! tí ilé-iṣẹ́ Now-Again ní Amẹ́ríkà tẹ̀. Kẹ́hìndé Lijadu kú ní ọdún 2019. Ní ọdún 2024 ni Numero Group bẹ̀rẹ̀ sí í tún iṣẹ́ àwọn ìbejì náà tẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Táíwò. Nàìjíríà náà ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó pẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ fún ọ̀dọ́ tí ń kọ orin lónìí. Àwọn olórin bí Beautiful Nubia, tí ó ti ń gbé àwo tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ti fi hàn pé gìtá àti Yorùbá ìjìnlẹ̀ lè gbé ilé kan náà láìsí ọ̀gá lórí wọn. Aṣa náà fi Eyé Adaba hàn wá nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 2007.

Kí wá ni orin wọ̀nyí ń rán wa létí? Ìwé ìtàn lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ogun parí ní 1970, pé epo rọ̀bì wọ́n ní 1973, pé FESTAC wáyé ní 1977. Kò lè sọ bí ó ti rí láti jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní àárín rẹ̀. Nínú gìtá BLO ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ó la ogun já tí kò tíì mọ bóyá kí òun yọ̀ tàbí kí òun sunkún. Nínú ohùn àwọn Lijadu ni a ti ń gbọ́ obìnrin tí ó pinnu pé òun kò ní gbe ègbè mọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí òpó gbígbẹ́ tí Agbọ́nbíòfé ṣe sí ààfin Ẹ̀fọ̀n ti jẹ́ ẹ̀rí. A kì í sọ pé òpó ààfin jẹ́ eré lásán. Orin nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1973 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Irú wọn wà ní Ìjerò, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní Ìkògòsì àti ní Àrámọ̀kọ́. Kí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ Yorùbá jọ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin: Orin wo ni ẹ jó sí nígbà tí ẹ wà ní ọ̀dọ́? Ibo ni ẹ ti gbọ́ ọ, ṣé orí rédíò ni tàbí orí giramafóònù? Ta ni ó ni ẹ̀rọ náà ní àdúgbò? Ǹjẹ́ àwo kankan kù nínú àjà? Kí wọ́n kí bàbá àti màmá dáadáa kí wọ́n tó béèrè, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí a bá rí àwo, kí a má ṣe tà á fún ẹni tí ń ra ògbólógbòó ẹrù kí a tó ya àwòrán rẹ̀, kí a sì ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀.

Bí a kò bá ṣe é, àwọn àjèjì yóò ṣe é, wọ́n sì ti ń ṣe é. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe tiwa tán. Òwò àwo ni tiwọn, Èkó ni wọ́n sì mọ̀. Ohun tí gìtá oníná sọ fún ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìtawúrẹ́ ní ọdún 1973, ẹnu ọ̀dọ́ náà, tí ó ti di àgbà, nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ.